Lẹ́tà ṣíṣí sí ẹ̀yin olùkọ́ tó ń kọ́ Complex Analysis ní àwọn fásitì wa

Ẹ̀yin olùkọ́ wa,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. A mọ̀ pé gbọ̀ngàn tí ẹ ti ń kọ́ni máa ń kún dé ẹnu ọ̀nà, pé iná lè lọ nígbàkígbà, àti pé ẹni tó jókòó lẹ́yìn pátápátá kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ ohùn yín. A kò gbàgbé gbogbo èyí kí a tó mú bírò.

Àwa tí a ń kọ lẹ́tà yìí la máa ń ṣe tutorial Ìṣirò fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní agbègbè Under G àti Adénìkẹ́ níhìn-ín ní Ògbómọ̀ṣọ́. Iléèwé kan ṣoṣo kọ́ làwọn tó ń wá sọ́dọ̀ wa ti ń wá. Àwọn kan ń kàwé nínú ìlú yìí, àwọn mìíràn sì jẹ́ ọmọ ìlú tó wálé ìsinmi láti fásitì tó wà lókèèrè, tí wọ́n gbé nóòtù wọn dání. Nítorí náà, kí olùkọ́ kankan má ṣe rò pé òun la ń bá wí. Ohun tí a rí nínú nóòtù wọn àti nínú ìwé ìdánwò wọn jọra gan-an, láìka ẹni tó kọ́ wọn sí.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo la ní í bá yín sọ. Akẹ́kọ̀ọ́ ń gba ìlànà ìṣirò lọ́wọ́ yín, ṣùgbọ́n kì í gba ọ̀nà tí yóò fi mọ̀ fúnra rẹ̀ bóyá ìdáhùn òun tọ́. Ó máa ń dúró de ìgbà tí èsì bá jáde lára ògiri kí ó tó mọ̀ pé òun ti ṣìnà láti ìlà kejì. Ó sì dùn wá pé inú Complex Analysis gan-an, ìyẹn Ìṣirò nípa function tí nọ́ńbà rẹ̀ lè ní i (√−1) nínú, lèyí ti ń ṣẹlẹ̀, nítorí iṣẹ́ díẹ̀ ló wà nínú Ìṣirò tí àyẹ̀wò pọ̀ nínú rẹ̀ tó báyìí.

Ẹ jẹ́ kí a mú ìbéèrè kan tó wọ́pọ̀ nínú ìwé ìdánwò: integral cos x/(x² + 1) láti −∞ dé +∞. Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ há sórí ni pé kí òun fi z rọ́pò x, kí òun wá pole (ibi tí function ti ń tóbi láìlópin) tó wà ní ìdajì òkè, kí òun ṣírò residue rẹ̀ (nọ́ńbà tó wà níwájú 1/(z − a) nínú series function náà ní àyíká pole a), kí òun sì sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú 2πi. Ó ṣe bẹ́ẹ̀. Pole tó wà lókè ni z = i. Residue cos z/(z² + 1) níbẹ̀ jẹ́ cos(i)/(2i). Ó sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú 2πi, ó rí π cos(i), ìyẹn π cosh 1. Kálíkúlétọ̀ sọ fún un pé ó jẹ́ 4.85. Ó fa ìlà méjì sábẹ́ rẹ̀, ó kọjá sí ìbéèrè tó kàn. Ìdáhùn tó tọ́ ni π/e, tí kò ju nǹkan bí 1.156 lọ. Nígbà tí wọ́n bá gbé òdo fún un, á ní gbogbo ìgbésẹ̀ tó wà nínú nóòtù lòun tẹ̀ lé. Òótọ́ ló sì ń sọ.

Ibi tí nóòtù dákẹ́ sí ni àṣìṣe ti wọlé. Ìdajì òbìrí tí radius rẹ̀ jẹ́ R, èyí tó bo contour náà (ọ̀nà tí a ń tẹ̀ lé ṣe integral) lókè, gbọ́dọ̀ mú integral tó ń lọ sí òdo wá bí R bá ṣe ń tóbi sí i. Bí èyí kò bá ṣẹlẹ̀, ohun tí a ṣírò kì í ṣe integral tí wọ́n bi wá. Bẹ́ẹ̀, cos z jẹ́ ìdajì àpapọ̀ e^(iz) àti e^(−iz). Tí z bá jẹ́ x + iy, ìwọ̀n e^(iz) jẹ́ e^(−y), ó ń kéré sí i bí a ṣe ń gòkè. Ìwọ̀n e^(−iz) jẹ́ e^y, òun ń tóbi sí i. Nígbà tí y bá fi máa dé 10, e^y ti kọjá 22,000, z² tó wà nísàlẹ̀ kò sì lè dá a dúró. Ìdí nìyí tí a fi ń pa cos z tì, tí a ń lo e^(iz), tí a sì ń mú apá real nìkan nígbà tí iṣẹ́ bá parí. Tí e^(iz) bá ti wà níbẹ̀, ìṣirò òkè yẹn rọrùn: gígùn ìdajì òbìrí jẹ́ πR, ìwọ̀n function náà lórí rẹ̀ kò ju 1/(R² − 1) lọ, tí a bá fi ọ̀kan sọ èkejì di púpọ̀, èsì kò ju πR/(R² − 1) lọ. Tí R bá jẹ́ 100, ó ti di 0.0314. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fi ojú ara rẹ̀ rí nọ́ńbà yẹn kò ní gbàgbé ìdí tí wọ́n fi ń sọ pé ó ń lọ sí òdo. Nínú ọ̀pọ̀ nóòtù tó ń dé ọwọ́ wa, “consider e^(iz)” ni wọ́n kọ, kò sí ohun mìíràn lẹ́yìn rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ká tiẹ̀ ní ó ṣì ṣe àṣìṣe yẹn, kò yẹ kí 4.85 kọjá lójú rẹ̀. cos x kì í ju 1 lọ. Integral 1/(x² + 1) láti −∞ dé +∞ jẹ́ π, ìyẹn 3.14, wọ́n ti mọ èyí láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́ arctan ní 100 level. Tí a bá wá fi cos x sọ ọ́ di púpọ̀, ibo ni yóò ti rí 4.85? Ìlà kan ni àyẹ̀wò yìí. A bẹ̀ yín, ẹ kọ ìlà yẹn sójú bọ́ọ̀dù nígbà gbogbo tí ẹ bá parí àpẹẹrẹ kan, kí ó mọ́ wọn lára. A kò tíì rí nóòtù mẹ́ta tó ní in.

Bákan náà ló rí pẹ̀lú integral dθ/(2 + cos θ) láti 0 dé 2π. Wọ́n fi z = e^(iθ) sí i, cos θ di (z + 1/z)/2, dθ sì di dz/(iz). Tí wọ́n bá tún un tò, ó di 2/i lọ́nà integral dz/(z² + 4z + 1) lórí òbìrí tí radius rẹ̀ jẹ́ 1. Ibi tí òdo ìsàlẹ̀ wà ni −2 + √3 àti −2 − √3, ìyẹn −0.268 àti −3.732. Ẹyọ kan péré ló wà nínú òbìrí. Residue rẹ̀ jẹ́ 1/(2√3), ìdáhùn sì jẹ́ 2π/√3, nǹkan bí 3.63. Ẹni tó bá ṣírò residue méjèèjì, tó rò wọ́n pọ̀, yóò rí i pé ọ̀kan jẹ́ 1/(2√3), èkejì −1/(2√3), àpapọ̀ wọn sì jẹ́ òdo. Ọ̀pọ̀ ló ń kọ òdo yìí sílẹ̀ láìmira. Ẹ kọ́ wọn kí wọ́n kọ́kọ́ wo function náà: 2 + cos θ kì í kéré sí 1, kì í sì ju 3 lọ. Ìdáhùn gbọ́dọ̀ wà láàárín 2π/3 àti 2π, láàárín 2.09 àti 6.28. Kò sí bí òdo ṣe lè wọlé síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ mìíràn wà tó kéré lójú, tó sì ń ba nǹkan jẹ́ púpọ̀: ìlà tó wà lórí z̄ (tí z bá jẹ́ x + iy, z̄ jẹ́ x − iy). Handout tí ẹ fi ọwọ́ kọ máa ń dé ọ̀dọ̀ onífọ́tókọ́pì. Ẹni tó kọ́kọ́ ṣe tirẹ̀ á yá ọ̀rẹ́ rẹ̀, ọ̀rẹ́ náà á tún ṣe fọ́tókọ́pì lára fọ́tókọ́pì. Nígbà tí ó bá fi di ẹ̀ẹ̀kẹta, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ orí z̄ ti pa rẹ́, z lásán ló kù. Ohun tí ẹ kọ ni pé integral z̄ lórí òbìrí radius 1 jẹ́ 2πi. Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ rí ni pé integral z jẹ́ 2πi. Ojú ìwé kejì ni theorem Cauchy tó sọ fún un pé integral z lórí òbìrí yẹn jẹ́ òdo. Ó kà á títí, kò yé e, ó gbà pé òun lòun kò mọ̀wé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ conj(z) tàbí kí ẹ kọ x − iy sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ fi ìlà kékeré dábùú àárín z pẹ̀lú, kí ẹni tó jókòó lẹ́yìn má baà kà á sí 2. Tí ẹ bá ń lo i, ẹ jẹ́ kí àmì tó wà lórí rẹ̀ hàn, torí i àti 1 máa ń jọ ara wọn lójú bọ́ọ̀dù tí máákà ti gbẹ.

A ó sì fẹ́ kí ẹ dúró díẹ̀ lórí z̄ yẹn, nítorí ẹ̀kọ́ ńlá wà nínú rẹ̀ tí ọ̀pọ̀ nóòtù ń fò kọjá. Lórí òbìrí radius 1, z̄ àti 1/z jẹ́ ohun kan náà, nítorí z lọ́nà z̄ jẹ́ 1. Integral méjèèjì jẹ́ 2πi. Ẹ wá sọ radius di 2. Integral 1/z kò yí padà, 2πi náà ni. Integral z̄ di 8πi. Tí ẹ bá sọ ọ́ di r, ó di 2πi r², ìyẹn 2i lọ́nà bí inú òbìrí náà ṣe fẹ̀ tó. Ọ̀kan kò bìkítà bí a ṣe fa ìlà, ó ń wo ohun tí ìlà náà yí ká nìkan. Èkejì ń ka gbogbo ilẹ̀ tó wà nínú rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣírò nọ́ńbà mẹ́rin yìí, radius 1 àti radius 2 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, á mọ ohun tí analytic (pé function ní derivative ní ojú ibi kan àti ní gbogbo àyíká rẹ̀) túmọ̀ sí ju ẹni tó há theorem mẹ́wàá sórí lọ. Kò ju ogún ìṣẹ́jú lọ nínú kíláàsì.

Ní ti analytic fúnra rẹ̀: ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ gbà pé tí Cauchy–Riemann bá ti jáde, iṣẹ́ ti parí. Wọ́n á kọ u_x = v_y, u_y = −v_x (u ni apá real function náà, v ni apá imaginary), wọ́n á kọ “hence analytic”. Ẹ̀yin náà á yọ máàkì, wọn kò sì ní mọ ohun tí wọ́n fi pàdánù rẹ̀. Ẹ fún wọn ní √|xy| níbi òdo. Lórí x-axis àti y-axis, òdo ni function náà, nítorí náà gbogbo ìdọ́gba Cauchy–Riemann pé níbẹ̀. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá wọlé láti orí ìlà y = x, |t| tí a fi t(1 + i) pín ni wọ́n á rí: 1/(1 + i) láti ọ̀tún, òdì rẹ̀ láti òsì. Kò sí derivative níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fún wọn ní |z|², tó ní derivative níbi òdo nìkan, tí kò sì jẹ́ analytic níbì kankan, nítorí pé analytic ń béèrè àyíká ojú ibẹ̀ pẹ̀lú. Function àkọ́kọ́ tó láti fi hàn wọ́n ìdí tí gbólóhùn “àwọn partial derivative wọ̀nyí continuous” fi gbọ́dọ̀ wà nínú ìdáhùn, èkejì sì fi hàn wọ́n pé ìdọ́gba Cauchy–Riemann gbọ́dọ̀ pé ní gbogbo àyíká, kì í ṣe ní ojú ibi kan ṣoṣo.

Níbi tí olùkọ́ méjì bá ti pín iṣẹ́ kan náà, ẹni àkọ́kọ́ mú ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹni kejì mú ìyókù, ọ̀rọ̀ argument, ìyẹn igun tí z fi yà kúrò lára x-axis, máa ń dá ìjà sílẹ̀. Ọ̀kan ń kà á láti −π dé π, èkejì láti 0 dé 2π. Méjèèjì ló tọ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo (−i)^i. Ní ti olùkọ́ àkọ́kọ́, argument −i jẹ́ −π/2, ìdáhùn jẹ́ e^(π/2), nǹkan bí 4.81. Ní ti olùkọ́ kejì, argument náà jẹ́ 3π/2, ìdáhùn jẹ́ e^(−3π/2), nǹkan bí 0.009. Ìbéèrè kan náà, ìwé ìdánwò kan náà, akẹ́kọ̀ọ́ kan náà. Ẹni tó bá ń máàkì nìkan ló mọ èyí tó fẹ́. Ẹ dákun, ẹ jókòó pọ̀ kí sáà tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ mú ọ̀kan, kí ẹ sì kọ ọ́ sí orí ìwé ìbéèrè gan-an: “Arg wà láàárín −π àti π, π wà nínú rẹ̀, −π kò sí.” Ìlà kan yẹn á gba ọ̀pọ̀ ọmọ lọ́wọ́ carryover.

Kálíkúlétọ̀ pàápàá wà lára ohun tó ń fa wàhálà níbẹ̀. Fún −1 − i, wọ́n á tẹ tan⁻¹(1), yóò fún wọn ní 45°, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀. Ìdá kẹta (third quadrant) ni −1 − i wà. Argument rẹ̀ jẹ́ −135°. Ẹni tó bá kọ́kọ́ fi àmì kan sórí àwòrán kò lè ṣe àṣìṣe yìí. Ẹ fi dandan lé e pé kí wọ́n ya àwòrán, kí ẹ sì fún un ní máàkì.

Log ló tẹ̀ lé e. Wọ́n ti mọ̀ láti sẹ́kọ́ńdírì pé log ab jẹ́ log a + log b, wọn kò sì rí ìdí tí òfin yìí yóò fi kọ̀ láti ṣiṣẹ́. Ẹ mú −1 + i, kí ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀. Argument rẹ̀ jẹ́ 3π/4. Lẹ́ẹ̀mejì, ó di 3π/2. Èsì ìsọdipúpọ̀ náà ni −2i, tí Arg rẹ̀ jẹ́ −π/2. 2πi ló sọnù láàárín. Ẹ ṣàlàyé fún wọn pé log dà bí àtẹ̀gùn tó ń yí òpó kan po: ẹni tó bá yí òdo po lẹ́ẹ̀kan padà sí ojú ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ lórí ilẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti gòkè ní 2πi. Branch cut ni ibi tí a gbà láti fi ṣe ẹnu ọ̀nà, kí a lè mọ ìpele tí a wà. Tí ẹ bá ti sọ èyí, ìdí tí integral 1/z fi jẹ́ 2πi ti yé wọn kí wọ́n tó dé orí residue.

Residue gan-an ní àrùn méjì tó ń yọ wọ́n lẹ́nu. Èkíní ni kíka ipò (order) pole láti ìsàlẹ̀ nìkan. Wọ́n á rí (e^z − 1)/z², wọ́n á pè é ní pole ipò kejì. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tú òkè rẹ̀ sí series: z + z²/2 + z³/6, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹyọ z kan ti pa ara rẹ̀ rẹ́, pole ipò kìíní ló kù, residue rẹ̀ jẹ́ 1. Bákan náà, sin z/z³ jẹ́ ipò kejì, residue rẹ̀ sì jẹ́ òdo. Èkejì ni (m − 1)!, tí m jẹ́ ipò pole náà, tí wọ́n máa ń gbàgbé nínú fọ́múlà. Fún e^(2z)/z⁴, ẹni tó gbàgbé rẹ̀ á kọ 8. Ẹni tó bá tú e^(2z) sí series á rí i pé coefficient z³ jẹ́ 8/6, ìyẹn 4/3. Fọ́múlà àti series gbọ́dọ̀ bá ara wọn mu, kí wọ́n sì máa fi ọ̀kan yẹ èkejì wò. Fún e^(1/z), fọ́múlà kò tiẹ̀ ní ibi tó máa dúró sí. Series nìkan ló lè fi hàn pé residue níbẹ̀ jẹ́ 1.

Nínú Laurent series (series tó tún lè ní 1/z, 1/z² àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ nínú), 1/((z − 1)(z − 2)) ni gbogbo yín ń lò, a kò sì bá yín jiyàn lórí rẹ̀. Ó ní series mẹ́ta yíká òdo: ọ̀kan fún |z| < 1, ọ̀kan fún 1 < |z| < 2, ọ̀kan fún |z| > 2. Èyí tó wà láàárín ní −1/z nínú. Akẹ́kọ̀ọ́ á rí i, á kọ pé residue níbi òdo jẹ́ −1. Function yìí kò ní ìṣòro kankan níbi òdo! −1 yẹn jẹ́ ti z = 1, tó wà nínú òbìrí èyíkéyìí tí a bá fà sáàárín radius 1 àti 2. Ẹ sọ ọ́ kí wọ́n gbọ́: series tó wà ní àyíká pole fúnra rẹ̀ nìkan la ti ń mú residue rẹ̀. Ẹ kọ ibi tí series kọ̀ọ̀kan ti ṣiṣẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú bírò aláwọ̀ mìíràn. Geometric series ni gbogbo rẹ̀ dá lé, 1/(1 − w) pẹ̀lú |w| < 1. Nígbà tí ọ̀pọ̀ wọn bá dé kíláàsì yín, wọn kò rántí ipò |w| < 1 yẹn mọ́. Ẹ yọ wákàtí kan nínú ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ fún geometric series àti partial fraction. Ẹ má ṣe bi wọ́n léèrè pé “ẹ̀yin tí ẹ dé 300 level, ẹ ò mọ èyí?” Ìbéèrè yẹn nìkan ti pa ẹnu ọ̀pọ̀ ọmọ dé títí sáà fi parí. Wọn kò ní bi yín ní nǹkan kan mọ́, ọ̀dọ̀ wa ni wọn yóò máa bi í, nígbà tí ìdánwò bá ku ọjọ́ mẹ́ta.

Nígbà tí sáà bá kúrú, ohun tó máa ń kọ́kọ́ bọ́ ni ohun tí ìdánwò máa béèrè jù. Lẹ́yìn ìyanṣẹ́lódì ASUU ọdún 2022, tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kejì tí kò parí títí di oṣù Kẹwàá, a rí bí wọ́n ṣe ń fún iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ pọ̀ sínú díẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì lọ sórí ẹ̀rí theorem Cauchy, residue sì di ọjọ́ kan. Ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹ lo ẹ̀rí Cauchy fúnra rẹ̀ tí a fi theorem Green ṣe, tó gba pé derivative náà continuous. Ìdajì wákàtí tó fún un. Kí ẹ wá sọ fún wọn pé Goursat ló fi hàn, ní 1900, pé a kò nílò ipò yẹn, kí ẹ sì fi ẹ̀rí tirẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ kà á nílé. Ẹ má ṣe fọwọ́ kan wákàtí tó jẹ́ ti residue àti ti ìṣirò òkè ìdajì òbìrí. Ọ̀pọ̀ ọmọ engineering tó wà nínú kíláàsì yín máa bá a pàdé nígbà tí wọ́n bá dé orí Laplace transform.

Ní ti máàkì: ní ọ̀pọ̀ fásitì wa, 30 ni ti tẹ́sìtì, 70 ni ti ìdánwò. Ìwé tẹ́sìtì kì í sábà padà sí ọwọ́ ọmọ kí ìdánwò tó dé, àwọn kan kì í sì í rí i mọ́ láéláé. Ẹ dá a padà, ó kéré tán ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. Bí kíláàsì bá pọ̀ jù, ẹ gbé ojútùú kan jáde, kí àṣìṣe márùn-ún tó pọ̀ jù sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Fún ìbéèrè contour tó bá gba máàkì 10, ẹ pín in: 2 fún àwòrán contour tó ní ọfà, 2 fún gbogbo pole àti èyí tó wà nínú, 3 fún residue, 2 fún ẹ̀rí pé òkè ń lọ sí òdo, 1 fún ìdáhùn àti àyẹ̀wò rẹ̀. Ẹ sọ fún wọn ṣáájú pé báyìí lẹ ṣe máa pín in. Ẹni tó bá mọ̀ pé ọfà ní máàkì kò ní gbàgbé ọfà. Ẹni tó bá gbàgbé rẹ̀ yóò yí clockwise, àmì ìdáhùn rẹ̀ á sì di òdì.

Àwọn kan wà nínú yín tó ti ń ṣe púpọ̀ nínú ohun tí a kọ yìí. A mọ̀ wọ́n láti ara nóòtù àwọn ọmọ wọn. Àwòrán pọ̀ nínú rẹ̀, ibi tí function ti bàjẹ́ ní àmì x, “kí ló dé?” sì wà ní ẹ̀gbẹ́ ìlà. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ lọ́dọ̀ wa. Ìbéèrè kan tàbí méjì, ó ti lọ. Ohun tí à ń bẹ ẹ̀yin yòókù fún kò ju pé kí ẹ bi àwọn ẹlẹgbẹ́ yín wọ̀nyí bí wọ́n ṣe ń ṣe é, kí ẹ sì jẹ́ kí àwọn olùkọ́ àgbà máa bá àwọn ọ̀dọ́ olùkọ́ wo nóòtù wọn kí sáà tó wọlé. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ olùkọ́ yìí ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́ ní ọ̀sẹ̀ tí kíláàsì bẹ̀rẹ̀, handout ẹni tó lọ ni wọ́n fi ń kọ́ni, tòun ti z̄ tí ìlà rẹ̀ ti pa rẹ́.

A ní ìwé ojútùú tí a tẹ̀ fún àwọn ìbéèrè tó wà nínú lẹ́tà yìí, pẹ̀lú àyẹ̀wò lábẹ́ ìkọ̀ọ̀kan. Ẹ̀ka èyíkéyìí tó bá fẹ́ ẹ, a ó mú un wá lọ́fẹ̀ẹ́. Tí olùkọ́ kan bá rí ibi tí kò bá ohun tó ń kọ́ni mu, kí ó fi bírò pupa fa ìlà sí i, kí ó sì dá a padà fún wa kí ọ̀sẹ̀ kejì sáà tó parí, nítorí ọ̀sẹ̀ kẹta la máa ń bẹ̀rẹ̀ tutorial.

Àwa ni tiyín ní tòótọ́,

Àwa tí a ń ṣe tutorial Ìṣirò ní Under G àti Adénìkẹ́, Ògbómọ̀ṣọ́